Ìbò Kan Ṣoṣo fún Pimentel

Àtẹ́wọ́ ni Anselm Kozlik kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó rí ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ nínú yàrá àwọn oníròyìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pàtẹ́wọ́, èyí tó sì wá burú jù níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ àlejò ló ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ni. Oòrùn rọra ń ràn sórí pápá bésíbọ́ọ̀lù Milwaukee, òórùn sọ́sééjì yíyan sì ń gòkè bọ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Garrett Stroud, òmìrán ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní ọmọ wọn, ti fi igi lu bọ́ọ̀lù kan tó gbalẹ̀ lọ bí eku tí wọ́n fi iná lé. Gbogbo èrò ti dìde. Àfi bí Eladio Pimentel, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ àárín pápá fún ẹgbẹ́ Pittsburgh, ṣe na ara rẹ̀ gbọọrọ, tó há bọ́ọ̀lù náà, tó sì ti orí eékún jù ú kí Stroud tó sáré dé ibi tó ń lọ. Gbogbo pápá dákẹ́ lọ gbáà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àtẹ́wọ́ náà ti dún, pá, pá, pá, lọ́wọ́ obìnrin kan ṣoṣo.

Gbogbo orí yí sí i. Àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá jẹ́ ẹ̀yà ènìyàn kan tó ti fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ò fẹ́ràn ẹgbẹ́ kankan láyé, wọ́n sì ń fi ìyẹn yangàn ju bí wọ́n ṣe ń fi owó oṣù wọn yangàn lọ, èyí tí kò kúkú ṣòro. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ láàárín wọn dà bí adájọ́ tó dìde jó ní kóòtù.

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó bá ọmọ aládùúgbò níbi tó ti ń ba nǹkan jẹ́. Irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fi pẹ́ńsù há etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n bí tòmátì.

"Ẹ forí jì mí," ó ní fún gbogbo yàrá. "Bàbá mi kọ́ mi pé a kì í pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi ni kò sí níjokòó nígbà tó ń kọ́ mi."

Anselm, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sún abọ́ gúgúrú tirẹ̀ sí i. "Fi èyí dí wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ tó bá di gúgúrú mú kì í ráàyè ṣọ̀tẹ̀."

"Ẹ ṣé o. Ta ni mò ń bá jẹun?"

"Anselm Kozlik." Ó dákẹ́ díẹ̀, kí orúkọ náà lè ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Orúkọ náà kò ṣe iṣẹ́ kankan. "Renata Dudek," ni obìnrin náà dá a lóhùn pẹ̀lú gúgúrú lẹ́nu. "Beacon ló gbà mí síṣẹ́. Ṣé ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?"

Anselm kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀wé fún Courier, ìwé ìròyìn tó ń bá Beacon ṣe orogún láti ayé àwọn bàbá wọn. Àwòrán rẹ̀ máa ń wà lókè ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, àwòrán tó ti pẹ́ díẹ̀. Irun inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó kù lórí lọ. Láràárọ̀, kí ó tó bọ́jú, ó máa ń ka ohun tí àwọn òǹkàwé kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá yìn ín, kọfí á dùn. Bí wọ́n bá bú u, ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn ń fẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn òun ni, àrùn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Ti Anselm kàn ní àwòrán lórí ni.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n ti ń fi àga sílẹ̀ de ara wọn. Ní oṣù Keje, Renata ti mọ̀ pé Anselm kì í jẹ àlùbọ́sà, Anselm náà sì ti mọ̀ pé bí Renata bá ń ronú, pẹ́ńsù ló máa ń jìyà rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọn kì í sọ ìròyìn fún ara wọn, nítorí orogún ṣì ni ilé iṣẹ́ wọn. Gbogbo nǹkan yòókù ni wọ́n ń sọ.

"Kí lo máa kọ lónìí?" Anselm á bi í.

"Ìwọ kọ́kọ́ sọ tìrẹ. Olè."

"Olè rẹ ni mí."

"Tèmi kọ́ o. Mi ò tíì gbà ẹ́ wọlé." Ṣùgbọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì fi èjìká ti èjìká rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n jọ lọ wo eré ọ̀sán kan ní Chicago. Inú ọkọ̀ Anselm ni wọ́n jọ wà bí wọ́n ti ń padà bọ̀, adágún ńlá wà lápá ọ̀tún wọn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lápá òsì.

"Stroud ni wọ́n máa fún lẹ́bùn lọ́dún yìí," ni Renata wí. Ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó níye lórí jù lọ lọ́dún ló ń sọ, èyí tí ọgbọ̀n akọ̀ròyìn ń dìbò sí, méjì méjì láti ìlú kọ̀ọ̀kan. "Ta ló tún ń lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá bíi tirẹ̀? Ẹgbẹ́ wa sì ló ń ṣáájú."

"Ògiri, ògiri. Bí wọ́n bá wó ògiri yẹn lọ́la, kí lẹ máa rí sọ? Stroud á lu bọ́ọ̀lù, á padà lọ jókòó, á máa sinmi. Pimentel á lu tirẹ̀, á sáré bí ọmọ ọlọ́jà tí ọlọ́pàá ń lé, lẹ́yìn náà á tún lọ dúró láàárín pápá, á máa gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

"Ìkẹyìn ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ìkẹyìn náà ni wọn ì bá wà. Kí wá ni iye rẹ̀?"

"Ṣé òun ló bí àwọn tó kù ni? Obìnrin tó se ọbẹ̀ aládùn nínú ilé tí òrùlé ń jò, ṣé o máa sọ pé ọbẹ̀ náà ò dùn nítorí òjò?"

Renata fa pẹ́ńsù kúrò létí, ó kì í bọ ẹnu. Anselm sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan wọ òmíràn, ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi èkejì há bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò jù sí i. Kò sí òǹkàwé nínú ọkọ̀, kò sí àwòrán lókè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi rántí wo ara rẹ̀ nínú díńgí. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń wò ó. Renata ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tó gbàgbé ara rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ ni kò tíì rí.

"Dúró níbi tí wọ́n ti ń ta kọ́sítáàdì tútù yẹn," ó ní.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, oníkálukú pẹ̀lú ife tirẹ̀.

"O ti gba Stroud lọ́wọ́ mi," Renata wí. "Láàárọ̀ yìí, mo ní agbábọ́ọ̀lù kan tí mo fọkàn tán. O wá sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó."

"Mo fi Pimentel dí i fún ẹ."

"O rò pé ìyẹn tó?" Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ẹnu tútù kò ó lẹ́nu, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin tó ń ta kọ́sítáàdì fi yí ojú sí ibòmíràn. "Ó kù díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo gbà."

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ, àwọn méjèèjì gan-an ni ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn yàn láti dìbò fún Milwaukee. Òfin ibẹ̀ kò le. Kí eré àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú to orúkọ mẹ́wàá tẹ̀ léra wọn, kí ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó pa ẹnu mọ́ títí di ọjọ́ ìkéde ní oṣù Kọkànlá. Bí wọ́n bá kéde tán ni ẹgbẹ́ á gbé ìwé ìbò gbogbo wọn síta, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dì í.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kò jẹ́ kí Anselm gbádùn. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ Pimentel sípò kìíní láìjanpata. Lẹ́yìn náà ló rántí onígbàjámọ̀ rẹ̀, tó gbé àwòrán Stroud kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, tí ti Stroud sì tóbi jù. Ó rántí ìyá àgbà tó máa ń kí i nídìí wàràkàṣì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rántí òwúrọ̀ tí orúkọ rẹ̀ máa jáde. Ó dìde, ó mu omi. Ó padà wá, ó kọ Stroud sípò kìíní, ó sì sún Pimentel sí ìkejì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn tún ọ̀rọ̀ náà rò ni. Ohun tí ìbẹ̀rù máa ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tó kàwé nìyẹn: títún ọ̀rọ̀ rò.

Oṣù Kẹwàá dùn fún wọn. Ewé ń pọ́n lórí igi, wọ́n sì ń rìn létí adágún. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kan ìbò, Renata á fi ìka dí ẹnu rẹ̀, Anselm á sì fẹnu ko ìka náà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ lójú ọ̀nà Chicago, ó ti kà á sí ọ̀rọ̀ àárín olólùfẹ́, bí orin tí ènìyàn ń kọ nínú balùwẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan lè gba òun gbọ́.

Ó ti pinnu pé ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́, àjọ̀dún tí wọ́n ń ṣe níparí oṣù Kọkànlá, bí wọ́n bá ti jẹ tòlótòló tán nílé bàbá Renata, òun á bi í bóyá á fẹ́ òun.

Bàbá yìí, Leopold Dudek, ti fi ogójì ọdún kọ ìròyìn bésíbọ́ọ̀lù kó tó fẹ̀yìn tì. Báyìí, ẹja ló ń dín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ìjọ Àgùdà wọn, pẹ̀lú ojú kan náà tó fi ń wo àwọn ajùbọ́ọ̀lù láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ ni Renata ti mú Anselm lọ hàn án.

"Ìwọ lo ń kọ̀wé fún Courier," ni bàbá náà wí, láìgbé ojú kúrò lórí òróró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo máa ń kà ọ́. O mọ̀wé kọ." Ó yí ẹja padà. "Inú mi máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá kà ọ́ tán. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú."

"Dádì, ẹ jẹ́ kó jẹun ná," ni Renata wí.

"Ṣé mo dí i lẹ́nu ni? Gba ọ̀dùnkún, ọmọ mi. Ó gbóná."

Ní ọjọ́ ìkéde, Anselm wà ní ilé iṣẹ́. Láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kà á lórí tẹlifíṣọ̀n: Stroud gba ẹ̀bùn náà, ènìyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n ló fi í sípò kìíní. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi Pimentel síbẹ̀. Bí ẹni náà bá ti dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù ni, Stroud ì bá gbà á láìsí ẹni tó yapa, iyì tí kò wọ́pọ̀. Ìlú Milwaukee gbàgbé pé òun ṣẹ́gun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnì kan yẹn.

"Kọ nǹkan sí i kíá," ni olóòtú wí fún Anselm. "Kó ta létí."

Anselm kọ ọ́ kí kọfí rẹ̀ tó tutù. "Ènìyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ríran," ó kọ. "Ẹnì kan yòókù, bóyá ojú ló ń dùn ún, bóyá ó sùn láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án. Ẹ bá mi wá òpè náà, kí gbogbo wa dáwó ra awò ojú fún un." Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín síbi awò ojú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ó tó gbé ife kọfí dé ẹnu, àwọn òǹkàwé ti ń yìn ín.

Ó ń gbádùn ìyìn náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ gbé àwọn ìwé ìbò síta. Ó wá Milwaukee. Orúkọ rẹ̀ rèé, Stroud sì wà nípò kìíní níwájú rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ni Renata Dudek wà. Pimentel.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Anselm sáré lọ bá olóòtú pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Olóòtú wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. "Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń pín kiri? Lọ sinmi, Anselm."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, gbogbo Milwaukee ti mọ òpè náà. Wọ́n ń tẹ Beacon láago pé kí wọ́n lé e. Ẹnì kan fi awò ojú àwọn ọmọdé ránṣẹ́ sí i, lẹ́yìn rẹ̀ ni ogún mìíràn dé. Nígbà tí olóòtú rẹ̀ ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé, gbólóhùn méjì ni Renata kọ: "Mo wo àwọn méjèèjì. Pimentel ni mo rí."

Anselm lọ sí ilé rẹ̀ ní ọ̀sán. Renata ṣílẹ̀kùn, ó dúró sí ẹnu rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni," Anselm wí.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀."

"Bí mo bá mọ̀ ni, mi ò ní kọ ọ́ láé."

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn, o máa kọ ọ́. Ṣó o gbọ́ ohun tó o sọ?" Ohùn rẹ̀ kò gòkè rárá. "Òpè tó o pè mí kò dùn mí, Anselm. Dádì ti pè mí jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ìwé ìbò rẹ ni mo wò."

Anselm gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, Renata kò sì yà fún un.

"Lọ́jọ́ yẹn, tá a ń bọ̀ láti Chicago, ṣé irọ́ lò ń pa fún mi?"

"Rárá. Òótọ́ ni mo sọ."

"Ó bá burú jù bí mo ṣe rò lọ. Bó bá jẹ́ irọ́ lo pa, màá sọ pé o fẹ́ fi fa ojú mi mọ́ra ni. Ọkùnrin méjì ló wá wà báyìí, ẹni tó wa ọkọ̀ yẹn àti ẹni tó dìbò. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ràn. Mi ò sì mọ èyí tó ń gbé nínú ilé." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Anselm ì bá fẹ́ kó gbá a.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bá Leopold Dudek nídìí ẹja. Ó ti mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni àgbà náà gbà pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣáájú nìkan ni ẹ̀bùn yẹn tọ́ sí, ó sì rò pé òun ti rí alágbàwí.

"Ó kéré tán, sà, èmi àti ẹ̀yin la jọ wà lẹ́yìn Stroud."

"Àwa wo?" Leopold gbé sìbí ìdínja sílẹ̀. "Bí wọ́n bá ní kí n dìbò, Stroud ni màá fi í fún, kò sì sí ẹni tó máa yí mi lọ́kàn padà. Ìbò ọmọ mi ò dáa rárá. Mo ti sọ fún un. Ó ní ogbó ti ń dé sí mi. A jẹun, a fọ abọ́, ó gbé mi lọ wo dókítà eyín. Ìbò burúkú ni, àmọ́ tirẹ̀ ni. Tìrẹ yẹn dára, ọmọ mi. Ta ló ni ín?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn Anselm lórí ìlà ń wá ẹja. Ó gba abọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó, kò sì lè jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pè é sórí ètò rédíò ọ̀sán kan tó ti máa ń sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olóòtú ètò náà, Mort Gensler, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lá ètè fún àwàdà awò ojú.

"Kí a tó gba ìpè, Mort," Anselm wí, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ. Òpè tí mo ń bú yẹn, ẹnu mi ló ti gbọ́ gbogbo ohun tó mú un dìbò fún Pimentel. Odindi ìrìn àjò kan ni mo fi ń sọ ọ́ fún un. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà, mo ṣì gbà á gbọ́ báyìí. Nígbà tó kan kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ rí i, ojora mú mi. Òun, ojora ò mú un."

Mort gbàgbé àwàdà awò ojú rẹ̀. Ìpè kìíní wọlé.

"Ìyẹn ni pé ìwọ gan-an lòpè?"

"Èmi ni, sà."

"Èmi ti mọ̀ tipẹ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì pa fóònù.

Bó ti ń jáde síta, Anselm kíyè sí i pé òun ti ń ronú bí ohùn òun ṣe dún dáadáa tó níbi tí òun ti sọ pé ojora mú òun. Ìgbéraga kì í kú lọ́jọ́ kan. Ojú tì í, ó sì kọjá lọ sí ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Renata kò sì gbọ́ ètò náà rárá. Ó wà lórí òrùlé ilé bàbá rẹ̀, ó ń kó ewé kúrò nínú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà ṣàn. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un. "Ó dára," ló kàn wí. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ dé, ó kọjá, kò sì sẹ́ni tó pe Anselm wá jẹ tòlótòló. Onígbàjámọ̀ rẹ̀ ń gẹ irun fún un láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, kò ka ohun tí àwọn òǹkàwé ń kọ mọ́, nítorí ó ti mọ ohun tí wọ́n ń kọ.

Ní oṣù Kejìlá, yìnyín ti bo ìlú nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn Milwaukee ṣe ìpàdé wọn nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí kan. Ẹ̀bùn kékeré kan wà tí àwọn fúnra wọn máa ń fún agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Milwaukee tó ní sùúrù fún akọ̀ròyìn jù lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í rántí ẹ̀bùn yìí, àwọn akọ̀ròyìn sì ń jà lé e lórí bí ìjà oyè. Àwọn mẹ́jọ ló jókòó. Renata wà ní ìpẹ̀kun kan tábìlì, Anselm wà ní ìpẹ̀kun kejì. Láti ọjọ́ ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, "ẹ káàsán" nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Renata dìde sọ̀rọ̀ fún Dale Whitcomb, àgbà ajùbọ́ọ̀lù kan. "Ẹ ò ní gbà gbọ́," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín mi, Whitcomb nìkan ló tẹ̀ mí láago nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ Stroud tímọ́tímọ́ ni. Ó ní òun kò gbà pẹ̀lú mi, ṣé mo ti jẹun? Mi ò mọ irú sùúrù mìíràn tí ẹ ń wá." Bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kan ojú Anselm, ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀.

"Ó ti parí nìyẹn," ni alága wí. "Ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan, kí ọtí tó gbóná. Ẹni tó bá fara mọ́ Whitcomb."

Ọwọ́ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Anselm wo ọwọ́ tirẹ̀ lórí tábìlì. Ó mọ̀ pé kí òun kàn gbé e sókè ni. Kò sí ohun tó rọrùn tó o, kò sì sí ẹni tó máa bi òun ní ìdí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń fà á bí ọmọdé tó ń fa aṣọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Whitcomb ló rí. Ó rí Ruiz, agbábọ́ọ̀lù apààrọ̀ ẹgbẹ́ wọn, tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré tó kẹ́yìn, tí ọdún gbogbo ẹgbẹ́ sì bá a lọ. Lẹ́yìn eré náà, gbogbo àwọn yòókù sá fún àwọn oníròyìn lọ sí balùwẹ̀. Ruiz dúró síwájú àpótí aṣọ rẹ̀, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, títí kò fi sí ẹni tó tún ní ìbéèrè.

"Anselm?" ni alága wí.

"Ruiz," Anselm wí. "Ẹ má bínú."

"Méje sí ọ̀kan. Ṣé o fẹ́ ká kọ ọ̀kan yẹn sínú ìwé ni?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Lẹ́yìn ìpàdé, Anselm ń fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí Renata jáde wá. Ó ṣílẹ̀kùn apá kejì, ó wọlé jókòó láìtọrọ àyè. Anselm náà wọlé. Ó tan ọkọ̀ kí ó lè móoru.

"O mọ̀ pé mo fẹ́ kí Whitcomb gbà á," Renata wí.

"Mo mọ̀."

"O sì mọ̀ pé bó o bá gbọ́wọ́ sókè, inú mi á dùn."

"Ìyẹn ló ṣòro níbẹ̀."

"Ruiz dúró dáhùn ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan. Whitcomb ti ń dáhùn wa láti ọdún mẹ́wàá. Ṣé ọjọ́ kan ló máa ju ọdún mẹ́wàá lọ?"

"Ó sinmi lórí ọjọ́ náà. Whitcomb ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá borí, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí ojú ń ti ènìyàn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

"Àti bó ṣe tẹ̀ mí láago?"

"Ìyẹn dára púpọ̀. Ì bá wù mí kó jẹ́ èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ láago. Ṣùgbọ́n ìwọ ló ṣe é fún, kì í ṣe àwa mẹ́jọ. Ruiz ni, Renata."

Renata tún gbìyànjú. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó rán an létí ọdún tí Whitcomb ra sọ́sééjì fún gbogbo yàrá oníròyìn. Gíláàsì ti yọ́ mọ́ kedere, ọkọ̀ ti gbóná, Anselm sì wà níbi tó wà. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ń rò pé òun ń pàdánù obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ kò gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Renata bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tí Anselm kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí ewé ti ń pọ́n.

"Èwo ni ti ẹ̀rín?"

"Ìwọ ni. Ẹni tó wa ọkọ̀ láti Chicago ló jókòó síbí." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi ọwọ́ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Dádì ní nǹkan kan wà tó o fẹ́ bi mí lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Ó ní ó hàn lójú rẹ láti ìgbà tó o ti ń jẹ ọ̀dùnkún."

"Ó wà."

"Bi mí nísinsìnyí. Má sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ̀wé."

Anselm wá ọ̀rọ̀ dáadáa kan, ó tì. Ó wá òmíràn, ó tì. "Ṣé wàá fẹ́ mi?" ó ní nígbẹ̀yìn.

"Màá fẹ́ ẹ."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, orí Renata wà lórí èjìká rẹ̀, yìnyín sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn ọkọ̀ tó kù. Àwọn akọ̀ròyìn ń jáde ní méjì méjì, wọ́n ń yọjú wo inú gíláàsì, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, nítorí iṣẹ́ wọn nìyẹn.

"Whitcomb ni, ṣá," Renata wí, ohùn rẹ̀ ń ti inú kóòtù Anselm jáde.

"Ruiz ni," ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì rọra wa ọkọ̀ jáde, láti lọ sọ fún bàbá.